Kọfí Naples, ti Vienna àti ti Addis Ababa: Èwo Ni Kí Ẹ Yàn?

Owó tí èèyàn ń san nílé kọfí, kì í ṣe kọfí nìkan ló ń fi rà. Ohun tó wà nínú ife wà níbẹ̀, àga tí a jókòó lé wà níbẹ̀, àwọn tó yí wa ká náà sì wà níbẹ̀. Ìlú mẹ́ta tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó mú lọ́kùn-únkúndùn jù. Ife ni Naples, ní Ítálì, ń tà. Àga ni Vienna, ní Austria, ń tà. Ní Addis Ababa, olú ìlú Ethiopia, àjọmu ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò bá mọ èyí ṣáájú yóò dé Vienna, yóò mu kọfí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ta yọ, yóò san owó gọbọi, yóò wá máa sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹni kan náà yóò dé Naples, yóò máa wá àga kiri nígbà tí àwọn tó bá níwájú kàǹtà ti mu tiwọn, tí wọ́n ti nu ẹnu, tí wọ́n ti bá tiwọn lọ.

Ìdí tí mo fi mú mẹ́ta yìí kò jìnnà. Ẹni tó bá wọ Ethiopian Airlines láti Èkó, pápákọ̀ òfurufú Bole ní Addis ni yóò ti pààrọ̀ ọkọ̀, ìrìn-àjò àwọn mìíràn a sì máa mú wọn sùn níbẹ̀ mọ́jú. Naples ní tirẹ̀, ọmọ Nàìjíríà pọ̀ ní àyíká rẹ̀, pàápàá ní Castel Volturno. Vienna nìkan ni kò bá wa tan lọ́nà kan pàtó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ ilé kọfí kó fo ibẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká rántí ahọ́n tí a ń gbé lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀dọ̀ mai shayi lẹ́bàá títì la ti kọ́kọ́ mu kọfí tí kì í ṣe ti ilé: Nescafé inú ọ̀rá pélébé, mílíìkì agolo, ṣúgà tí kò níye, búrẹ́dì Agége àti ẹyin díndín. Àwọn ará Cotonou àti Lomé ní cafétéria ẹ̀bá ọ̀nà tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń da mílíìkì dídùn tó ki sínú kọfí, tí wọ́n ń gbé búrẹ́dì gígùn ti Faransé àti ẹyin díndín tì í. Mi ò fojú kéré èyíkéyìí nínú wọn, mo ṣì ń mu méjèèjì. Ṣùgbọ́n irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ọ̀pọ̀ wa kórìíra espresso lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ó kéré, ó korò, mílíìkì ò sì sí níbẹ̀. Ẹ fún un láyè lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó dájọ́.

Ohun tó wà nínú ife

Naples ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ife ti le jù. Bí wọ́n ṣe ń po espresso nìyí: nǹkan bíi gíráàmù 7 kọfí lílọ̀, omi gbígbóná tí ẹ̀rọ fi agbára ńlá tì gba inú rẹ̀ kọjá, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25. Ohun tó ń jáde kì í sábà ju mìlílítà 25 sí 30 lọ. Ti Naples tún máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀. Ẹnu mẹ́ta, ó tán.

Luigi Bezzera, ará Milan, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń po kọfí ní ife kọ̀ọ̀kan lọ́dún 1901. Ooru omi gbígbóná ló ń fi ti kọfí nígbà náà, ohun tó ń jáde a sì máa rùn bí ohun tó jó. Ìhó pupa tó ń wà lójú espresso lónìí kò sí nínú tirẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí Achille Gaggia gbé ẹ̀rọ alápá tirẹ̀ sọ́jà, ni ìhó yìí di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Ohun tí àwọn ará Ítálì fi ń yangàn bí ẹni pé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé ni, kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ wo ojú ife kí ẹ tó fi kan ẹnu. Ìhó tó dára a máa pupa rúsúrúsú, a máa ní ìlà dúdú tín-ín-rín lára, bí ẹ bá sì da ṣúgà lé e, ṣúgà náà á dúró díẹ̀ lójú rẹ̀ kó tó rì. Bí ìhó bá funfun, tó sì tú ká kíá, omi ti sáré gba inú kọfí kọjá; yóò máa kan, yóò sì ṣàn lẹ́nu. Bí ó bá dúdú, tí àárín rẹ̀ lu, wọ́n ti jẹ́ kó pẹ́ jù lórí ẹ̀rọ, ìkorò lásán lẹ ó bá níbẹ̀. Ojú nìkan ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún yín.

Àwọn ará Naples máa ń yan kọfí wọn dúdú, wọ́n sì máa ń da oríṣi kọfí méjì pọ̀, robusta mọ́ arabica. Káféènì inú robusta tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti arabica, nítorí náà ẹni tó bá mu ún lálẹ́, kó má bá orun ṣe ẹjọ́. Robusta kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni kọfí tí wọ́n ń gbìn ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, láti ilẹ̀ Èkìtì dé agbègbè Kabba. Orí òkè Mambilla ní Taraba ni arabica Nàìjíríà wà. Robusta náà ló pọ̀ jù nínú kọfí tí wọ́n ń rọ sínú agolo àti ọ̀rá. Bí kọfí Naples bá wá mọ́ yín lẹ́nu ju bí ẹ ṣe rò lọ, ó nídìí.

Ohun méjì ló máa ń mú àlejò níbẹ̀. Ife kọ́kọ́ ni: inú omi gbígbóná ni wọ́n máa ń kó o sí títí wọ́n fi máa lò ó, ètè tó bá kánjú á bó. Ẹ fi ṣíbí rò ó, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣúgà: àwọn ìsọ̀ àtijọ́ kan máa ń po ṣúgà mọ́ ọn kí wọ́n tó gbé e fún yín. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ “amaro”, ìyẹn kíkorò, kí oní-kàǹtà tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Omi tí wọ́n bá gbé síwájú yín, ẹ mu ún ṣáájú kọfí. Ẹni tó bá mu omi lé kọfí lójú wọn, wọ́n á rò pé ó ń fọ ẹnu nítorí pé kọfí ò dára, oní-kàǹtà sì lè béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní Addis Ababa, ìṣojú yín ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe, láti orí kọfí tútù tó ṣì ní àwọ̀ ewé dé orí ohun tí ẹ ó gbé mì. Obìnrin ló sábà máa ń po ó. Yóò fọ kọfí náà, yóò dà á sórí irin pẹlẹbẹ tó wà lórí èédú, yóò máa rò ó títí yóò fi dúdú, tí òróró yóò sì máa yọ lára rẹ̀. Nígbà náà ni yóò gbé irin náà, tòun tèéfín, kọjá níwájú àwọn tó jókòó, tí kálukú á máa fi ọwọ́ fẹ́ èéfín náà sí imú. Ẹ má yẹra o. Ibẹ̀ ni ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Òórùn tó bá ta sánsán tó sì mú itọ́ wá sí ẹnu, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá ti ń run imú bí èédú, wọ́n ti yan án jó, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ pò ó tí kò ní korò.

Wọ́n á gún un nínú odó kékeré, wọ́n á dà á sínú jebena, ìkòkò amọ̀ dúdú tó ní ọrùn gígùn àti ìdí róbótó, wọ́n á fi omi sí i, wọ́n á gbé e kaná. Tó bá hó dé ọrùn, wọ́n á sọ̀ ọ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀. Ìgbà tó bá ń dà á lẹ ó mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gún: yóò gbé jebena sókè, yóò máa da kọfí ní tín-ín-rín láti inú ife kan bọ́ sí òmíràn láìdáwọ́ dúró, ilẹ̀ àwo kò ní tutù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò sì ní bá a jáde. Ife náà, sini, kò ní etí. Bèbè ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ fi ìka mú.

Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń da omi lé kọfí kan náà. Abol ni ti àkọ́kọ́, òun ló le jù, òun sì ni kí ẹ fi dá kọfí náà lẹ́jọ́. Tona tẹ̀ lé e. Baraka ló gbẹ̀yìn, ó ti ṣàn dáadáa, ṣùgbọ́n àlùbáríkà ni wọ́n kà á sí, kò sì yẹ kí ẹ dìde kí wọ́n tó pín in. Wọ́n lè ki ewé tena adam bọ inú ife, ewé kékeré kan tí òórùn rẹ̀ mú ganrínganrín. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ó bá kọfí náà lọ ju bí ẹ ṣe máa rò lọ. Ní ìgbèríko, àwọn kan ń fi iyọ̀ tàbí bọ́tà sí i. Ní Addis, ṣúgà ló wọ́pọ̀.

Ìlú náà ní ẹ̀yà kejì fún ẹni tí kò ráyè. Àwọn ará Ítálì gba Ethiopia láàárín ọdún 1936 sí 1941, nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹ̀rọ espresso kò bá wọn lọ. Macchiato ni àwọn ará Addis sọ di tiwọn: gíláàsì kékeré, kọfí àti mílíìkì ní ìpele ìpele, ìhó lókè. Tomoca, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní àdúgbò Piassa lọ́dún 1953, ni orúkọ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ìdúró ni wọ́n ti ń mu ún níbẹ̀ lẹ́bàá tábìlì gíga, wọ́n sì ń yan kọfí wọn dúdú bíi ti Ítálì. Ẹ fọkàn sí ọjọ́: àwọn ọmọ ìjọ Orthodox máa ń gba ààwẹ̀ ní Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, àti nígbà ààwẹ̀ gígùn, wọn kì í sì í fẹnu kan mílíìkì. Wọn ò ní dá yín lẹ́kun, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ jọ jáde bá ń béèrè kọfí dúdú lọ́jọ́ náà, ẹ má fi macchiato lọ̀ ọ́ láti ṣe é lóore.

Vienna wá ńkọ́? Àwọn ará Vienna mọ orúkọ kọfí ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n pò lọ. Bí ẹ bá sọ pé kọfí lẹ fẹ́, wọ́n á bi yín léèrè pé èwo. Melange ni èyí tí mílíìkì gbígbóná àti ìhó wà nínú rẹ̀. Kleiner Brauner ni kọfí dúdú kékeré tí wọ́n gbé kíríìmù díẹ̀ tì. Verlängerter, wọ́n ti fi omi là á. Einspänner, inú gíláàsì ló máa ń wà, kíríìmù tí wọ́n lù títí tó fi wú ló bò ó lójú. Gbogbo wọn ló tuni lára, kò sì sí èyí tí yóò gbà yín lọ́kàn títí ẹ ó fi dé ilé. Nínú ife nìkan, Vienna ló gbẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kọfí tó múná níbẹ̀, àwọn ìsọ̀ tuntun táwọn ọ̀dọ̀ ń ṣí, tí wọ́n ń yan kọfí fúnra wọn, ni kí ẹ wá lọ, kì í ṣe ilé kọfí àtijọ́.

Àga, ariwo, àti àwọn tó jókòó

Ibí ni Vienna ti gba tirẹ̀ padà. Lọ́dún 2011 ni wọ́n fi àṣà ilé kọfí ìlú náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà àjogúnbá Austria lábẹ́ ètò UNESCO, ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ fún wákàtí méjì yóò mọ ìdí rẹ̀. Àwo fàdákà pẹlẹbẹ ni kọfí yóò bá dé: ife, ṣúgà, àti gíláàsì omi kan tí wọ́n dorí ṣíbí kodò lé lẹ́nu. Omi yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Nílé kọfí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbé gíláàsì omi míì wá nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá tán, láìjẹ́ pé ẹ béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ife kọfí yín ti gbẹ tipẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó ń lé yín. Ìwé ìròyìn wà lára ògiri, wọ́n fi igi dì í mú kó má rún, ẹ̀yin kàn mú èyí tó wù yín. Tábìlì jẹ́ òkúta mábù. Àwọn àga náà, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ti onígi títẹ̀ tí Michael Thonet fi ooru omi tẹ̀, tí oríṣi wọn tó gbajúmọ̀ jù ti wà láti ọdún 1859. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ti mọ ìjókòó wọn bí àwọn ọlọ́pọ́n ayò ṣe mọ tiwọn lábẹ́ igi àdúgbò, àlejò kì í sì í ṣi ibẹ̀ jókòó lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í ṣe gbogbo ilé kọfí àtijọ́ ló yẹ kí ẹ lọ o. Café Central ti wà láti ọdún 1876, àjà rẹ̀ ga, ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà ìdúró àwọn àlejò máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Níbi tí ìlà bá ti wà níta, ta ni yóò fọkàn balẹ̀ jókòó nínú? Ohun tí Vienna ń tà gan-an ti bọ́ nìyẹn. Èmi á fi Café Sperl, tó ṣí lọ́dún 1880, ṣáájú rẹ̀: tábìlì bílíáàdì ṣì wà níbẹ̀, àga rẹ̀ ti gbó, ó sì yẹ kó gbó. Bó bá jẹ́ alẹ́, Café Hawelka, tí tọkọtaya Hawelka ṣí lọ́dún 1939, kéré, ó ṣókùnkùn, wọ́n sì máa ń gbé Buchteln jáde láti inú ààrò lálẹ́, búrẹ́dì dídùn rírọ̀ tí jáàmù wà nínú rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni òfin ti ka sìgá mímu léèwọ̀ nínú irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ní Austria, nítorí náà ẹni tí èéfín sìgá ń bá jà lè wọlé báyìí.

Ìkìlọ̀ kan fún àwa tí a fẹ́ràn kí wọ́n kí wa káàbọ̀: wétà Vienna kì í rẹ́rìn-ín. Aṣọ dúdú ló máa ń wọ̀, ojú rẹ̀ á le, á dà bí ẹni pé ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ má gbà á síbi. Ẹ kí i ní “Grüß Gott” nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ pè é ní “Herr Ober”, ẹ sì ní sùúrù. Mo ti rí i tí ojú líle yẹn tú ká nítorí ìkíni kan ṣoṣo.

Naples kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ fún yín. Níwájú kàǹtà lẹ ó dúró sí, èjìká yín á kan ti ẹlòmíràn, àwo ife á máa dún gbàǹgbàràgbàǹgbàrà lórí mábù, oní-kàǹtà á máa bá ẹni mẹ́ta sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìbojú wẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ ti jáde. Ariwo yẹn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ilé kọfí tó bá dákẹ́ ní Naples láàárọ̀, ẹ bi ara yín pé kí ló dé. Àṣà kan wà níbẹ̀ tí yóò wọ ọmọ Yorùbá lọ́kàn: caffè sospeso. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn á san owó ife méjì, á mu ọ̀kan, á fi ìkejì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé tí kò lówó lọ́wọ́. Sàráà ni, àmọ́ ẹni tó ṣe é kò ní mọ ẹni tó gbà á, ẹni tó gbà á náà kò ní wólẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ti Addis tún yàtọ̀. Àpótí kúkúrú lẹ ó jókòó lé, orúnkún yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Wọ́n á fọ́n koríko tútù sílẹ̀, tùràrí á máa rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú, wọ́n á sì gbé gúgúrú síwájú yín. Bẹ́ẹ̀ ni, gúgúrú. Ẹ̀pà nìkan ló kù. Èyí kì í ṣe ti ilé ńlá nìkan; lẹ́bàá títì pàápàá, obìnrin kan lè tẹ́ agboòrùn, kó gbé jebena àti àpótí bíi mélòó kan kalẹ̀, kí awakọ̀ takisí, ọ̀gá báńkì àti ọmọ iléèwé jọ jókòó yí i ká. Ìrẹ́pọ̀ yẹn lẹ ń rà. Ẹni tó bá gbé fóònù sójú látìgbà abol títí dé baraka ti sọ ohun tó dára jù nù níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì dá àkókò fún yín pé kí ẹ wá mu kọfí ní aago méjì, ẹ rí i dájú pé aago ta ni: aago àwọn ará Ethiopia ń ka wákàtí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, aago méjì wọn ní òwúrọ̀ ni aago mẹ́jọ tiwa. Èyí ti mú kí àlejò púpọ̀ pàdánù kọfí ọ̀fẹ́.

Owó

Ní Naples, espresso ìdúró kì í sábà ju nǹkan bí euro kan àti díẹ̀ lọ. Jíjókòó lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, pàápàá níbi tó bá kọjú sí gbàgede ńlá. Iye méjèèjì, ti kàǹtà àti ti tábìlì, yẹ kó wà lójú tákàdá níbi tí ẹ ti lè rí i. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí èrò ti ń wọ́, ọ̀dọ̀ akáwó ni kí ẹ ti kọ́kọ́ sanwó, kí ẹ wá mú rìsíìtì lọ sí kàǹtà; àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi owó wẹ́wẹ́ kan lé e kí oní-kàǹtà lè tètè dá wọn lóhùn.

Vienna á gba ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún Melange kan, ẹ sì máa fi nǹkan bí ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún wétà. Ẹ pín in sí wákàtí tí ẹ fi jókòó, ẹ ó rí i pé kò wọ́n. Addis ló rọni lọ́rùn jù, owó rẹ̀ kò sì jọ ti méjì yòókù rárá.

Ẹni tí kò lè yàn

Trieste wà fún un. Ìlú èbúté ni, ní ìpẹ̀kun Ítálì, abẹ́ ọba Austria ló wà títí di 1918, nítorí náà ó ní ife Ítálì àti àga Vienna pa pọ̀. Caffè San Marco ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1914, ilé ìtàwé wà nínú rẹ̀, espresso rẹ̀ sì le. Ohun tó máa da àlejò rú ni orúkọ: “nero” ni wọ́n ń pe espresso, “capo” ni macchiato, “capo in b” sì ni macchiato inú gíláàsì kékeré. Bí ẹ bá béèrè cappuccino bí ẹ ṣe ń béèrè ní Róòmù, ohun tó kéré ju èyí tí ẹ ní lọ́kàn ni wọ́n lè gbé wá.

Bí mo ṣe máa pín in

Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tàbí tó fẹ́ ka ìwé, Vienna ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán tí tábìlì ti ṣófo. Ẹni tó ń mú ìyá tàbí bàbá tó ti dàgbà lọ, Vienna náà ni. Ìdúró Naples á dun orúnkún wọn, àpótí Addis á sì mú kí dídìde di iṣẹ́. Ẹni tó dá rìn, tí kò mọ ẹnì kan nílùú, kó lọ sí Addis, àwọn tó yí jebena ká á ti máa bi í níbi tó ti wá kí tona tó dé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kọfí ń jẹ lọ́kàn gan-an, tó fẹ́ mọ ìyàtọ̀, Naples láàárọ̀ àti Addis lọ́sàn-án, kó sì lọ sí Addis kó tó lọ sí Naples tó bá ṣeé ṣe: kọfí Yirgacheffe ti ilẹ̀ Ethiopia tí wọn ò yan jù a máa ta sánsán bí òdòdó, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó wá mọ iye ohun tí yíyan dúdú Naples ń bò mọ́lẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já lórí káféènì, kó fi Naples sílẹ̀, kó ti ìdí Verlängerter Vienna jókòó.

Fún àwọn ìsọ̀ tuntun ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí wọ́n ra ẹ̀rọ espresso, òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ gbé lọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tà, ife ni tàbí àga. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba owó méjèèjì, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ amúlétutù àti íntánẹ́ẹ̀tì bo ife tí kò dáa mọ́lẹ̀. Ẹ wo irin tí wọ́n fi ń mú mílíìkì gbóná: bí wọn ò bá nù ún lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan, tí mílíìkì àná ti gbẹ mọ́ ọn, ẹ béèrè omi inú ike kí ẹ máa lọ. Ẹ bi wọ́n ọjọ́ tí wọ́n yan kọfí náà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ́tí sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, nítorí bó bá wà lábẹ́ fèrèsé tí ẹ jókòó sí, kò sí Melange tó lè tún ìyẹn ṣe. Bí wọ́n bá sì ń lo kọfí ilẹ̀ wa, ẹ gbé e yẹ̀ wò. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ n'Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọfí tipẹ́, kò sì sí ìdí tí robusta Èkìtì tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sá dáadáa, kò fi ní lè gbé ìhó tó ki jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ń gba Bole padà sílé, kọfí odindi ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ti yan ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì lọ̀. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ kì í pẹ́ sọ òórùn rẹ̀ nù nínú ooru tiwa. Ẹ pa á mọ́ sínú ohun tó ní ìdérí tó le, kúrò lójú oòrùn, ẹ má kó o sínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, kí ẹ sì máa lọ iye tí ẹ máa mu lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.